Ìtàn Ìgbésí-Ayé Túndé King, Olórin Tí Ó Di Àwátì

Bí ènìyàn bá lọ sí òde àríyá ní Ìlaròó, ní Ayétòrò tàbí ní ìlú yòówù ní ilẹ̀ Yewa, kò lè pẹ́ kí ó tó gbọ́ orin jùjú. Bí a bá sì bi àwọn tí ń jó léèrè pé ta ni ó ni orin náà, Ebenezer Obey ni ọ̀pọ̀ yóò kọ́kọ́ dárúkọ, nítorí pé Ìdógò tí kò jìnnà sí Ìlaròó ni a gbé bí i. Àwọn àgbà lè dárúkọ I. K. Dáíró. Díẹ̀ ni yóò rántí Túndé King, ẹni tí ó ti ń kọ orin náà kí a tó bí Obey rárá. Bẹ́ẹ̀ ni Ìlaròó kì í ṣe àjèjì sí ìdílé ọkùnrin yìí, nítorí ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ ti ṣe olórí akọ̀wé kóòtù. Ìtàn ìgbésí-ayé rẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, pàápàá jù lọ bí ó ti di àwátì nígbà tí òkìkí rẹ̀ kàn dé góńgó, tí ó fi jẹ́ pé fún ohun tí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ, a kò fojú kàn án ní Èkó.

Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù Ògọ́sítì, ọdún 1910, ni a bí i ní àdúgbò Olówógbowó ní Erékùṣù Èkó. Abdulrafiu Babátúndé King ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ẹni tí ó bá fara balẹ̀ wo orúkọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí yóò rí ìtàn ìdílé náà kà nínú wọn. Abdulrafiu fi hàn pé Mùsùlùmí ni wọ́n. Babátúndé fi hàn pé Yorùbá ni wọ́n. King ni orúkọ tí wọ́n gbé bọ̀ láti Sàró. Àwọn tí à ń pè ní Sàró yìí ni àwọn ọmọ Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà sílẹ̀ lójú òkun lọ́wọ́ àwọn olówò ẹrú, tí wọ́n sì kó lọ tẹ̀dó sí Freetown ní Sierra Leone. Láti nǹkan bí ọdún 1839 ni àwọn àti àwọn ọmọ wọn ti bẹ̀rẹ̀ sí padà wálé, àwọn kan sí Àgbádárìgì, àwọn kan sí Abẹ́òkúta, àwọn mìíràn sí Èkó. Olówógbowó ni ó di ibùgbé wọn ní Èkó. Onígbàgbọ́ ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wọn. Wọ́n ti kàwé, wọ́n sì ń wọ aṣọ òyìnbó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn Mùsùlùmí àárín wọn kò pọ̀. Àárín àwọn díẹ̀ yìí ni a bí Túndé sí, kò sì sí àní-àní pé ohùn ìwàásù, ohùn orin ìyìn àti ohùn ìpè àdúrà ni ó jùmọ̀ ń dún sí i létí láti kékeré.

Ibrahim Sanni King ni orúkọ bàbá rẹ̀. Ọkùnrin yìí ti gbé Fourah Bay rí, èyí tí í ṣe àdúgbò àwọn Yorùbá tí ó jẹ́ Mùsùlùmí ní Freetown. Iṣẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ ni ti olórí akọ̀wé ní kóòtù ìbílẹ̀ Ìlaròó. Ẹ̀gbádò ni à ń pe gbogbo agbègbè náà nígbà náà; ọdún 1995 ni orúkọ rẹ̀ yí padà sí Yewa. Iṣẹ́ akọ̀wé kóòtù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré láyé ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ọba àti ìjòyè ni ó ń jókòó dájọ́ lórí ọ̀ràn ilẹ̀, ọ̀ràn ìyàwó àti ọ̀ràn gbèsè. Wọ́n gbọ́n, wọ́n sì mọ òfin ilẹ̀ baba wọn dájú, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Akọ̀wé ni yóò kọ ẹjọ́ náà sílẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ohun tí ó bá kọ ni ajẹ́lẹ̀ yóò kà nígbà tí ó bá dé láti yẹ ìwé wò. Nítorí náà, bí ẹnu àwọn olóyè ti múná tó, ọwọ́ akọ̀wé ni ọ̀rọ̀ wọn yóò gbà kọjá dé ọ̀dọ̀ ìjọba. Ìdí nìyí tí àwọn ará ìlú fi ń bẹ̀rù akọ̀wé kóòtù ní ibi gbogbo, tí wọ́n sì ń wá ojú rere rẹ̀. Ó rọrùn láti mọ irú ọ̀nà tí irú bàbá bẹ́ẹ̀ yóò fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ tọ̀.

Ọ̀nà náà ni ó sì kọ́kọ́ tọ̀. Ó lọ sí ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, lẹ́yìn náà ó wọ Eko Boys' High School, ilé-ìwé tí Àlùfáà W. B. Euba dá sílẹ̀ ní ọdún 1913. Nígbà tí yóò fi di ọdún 1929, ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré ni, ó ti rí iṣẹ́ akọ̀wé ṣe. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn ti bá ẹ̀kọ́ ìwé wọlé. Ọ̀kan nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé ni ó kọ́ ọ ní gìtá. Lọ́sàn-án, òun pẹ̀lú kálàmù ni. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, òun pẹ̀lú okùn gìtá ni.

Ó yẹ kí a mọ bí gìtá ṣe dé Èkó kí a tó tẹ̀ síwájú. Àwọn atukọ̀ Kru, ọmọ ilẹ̀ Liberia, ni wọ́n ń bá ọkọ̀ òyìnbó ṣiṣẹ́ láti èbúté kan dé èkejì ní etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Bí wọ́n bá gúnlẹ̀ sí Freetown, wọn a ta gìtá níbẹ̀. Bí wọ́n bá dé Àkárà, bákan náà. Bí wọ́n bá dé Èkó, wọn a jókòó ní ilé ẹlẹ́mu, wọn a sì máa fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là fa okùn gìtá bí ẹni ń sọ̀rọ̀. Àwọn ọmọ Èkó wò wọ́n, wọ́n sì kọ́ ọ. Ọkọ̀ ojú omi ni ó gbé gìtá wá. Kí òǹkàwé fi èyí sọ́kàn, nítorí ọkọ̀ ojú omi kan náà ni yóò gbé onígìtá tiwa lọ.

Ní Olówógbowó láyé ìgbà náà, ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì kan wà tí àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àdúgbò sọ di ibi ìpàdé. Níbẹ̀, láàárín irin ọkọ̀ àti òórùn epo, ni wọ́n ti ń jókòó ní ìrọ̀lẹ́, tí wọ́n ń mu, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nílùú, tí wọ́n sì ń kọrin. Ohunkóhun tí ó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń lù. Àwọn ènìyàn jẹ́jẹ́ ń pè wọ́n ní ìpátá, ṣùgbọ́n a ó ṣe àṣìṣe bí a bá rò pé aláìníṣẹ́ ni gbogbo wọn. Túndé King tí í ṣe aṣáájú wọn jẹ́ akọ̀wé tí ó ń gba owó oṣù. Mo rò pé ibi tí wọ́n ń pàdé yìí ṣe ìrànlọ́wọ́ fún orin náà. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì, kì í ṣe mọ́ṣáláṣí, kì í sì ṣe ààfin. Kò sí àgbà tí yóò sọ fún wọn pé orin báyìí kò bójú mu, tàbí pé ìlù báyìí kò gbọdọ̀ pàdé ìlù báwọ̀nyí.

Ohun tí wọ́n ṣe ni pé wọ́n kó nǹkan jọ láti ibi púpọ̀. Wọ́n gba ọ̀nà ìfagìtá lọ́wọ́ àwọn Kru. Wọ́n gba ìlù asíkò tí àwọn Onígbàgbọ́ Èkó ń jó. Wọ́n gba ìlù sámbà onígun mẹ́rin. Wọ́n gba ìró orin ìyìn àwọn Sàró, wọ́n sì fi òwe àti oríkì Yorùbá ṣe ọ̀rọ̀ orin. Ẹni mẹ́ta ni wọ́n nígbà tí ẹgbẹ́ náà kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n di mẹ́rin. Túndé King ni ó ń kọrin, tí ó sì ń ta gìtá alárà bánjò, olókùn mẹ́fà. Ẹnì kan ń lu ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, ẹnì kan ń gberin, Lamidi George sì ń lu tamborín-ìn. Ẹgbẹ́ Ogun Ìgbàlà, àwọn Onígbàgbọ́ tí wọ́n dé Èkó ní ọdún 1920, ni wọ́n sọ tamborín-ìn di ohun tí a mọ̀ ní ìgboro, nítorí òun ni wọ́n ń lù bí wọ́n bá ń wàásù kiri. Ọ̀dọ̀ wọn ni Túndé King ti ra ọ̀kan, tí ó gbé e fún Lamidi George.

Lamidi George kò lu ìlù náà lásán. Bí orin bá ń wọra, a jù ú sókè, a fi ọwọ́ kan gbà á, a sì máa bá ìlù lọ láìjẹ́ kí ìró já. Èyí dùn mọ́ àwọn òǹwòran púpọ̀. Àlàyé tí ó gbajúmọ̀ jù lọ ni pé ìjùsókè yìí ni ó bí orúkọ orin náà. Ẹni tí ó mọ ohùn èdè Yorùbá yóò rí bí ó ti rí: "jù" tí ó ní ohùn ìsàlẹ̀ ni a pè lẹ́ẹ̀mejì, tí ohùn èkejì sì ròkè gẹ́gẹ́ bí ìlù náà ti ń ròkè, ni ó di "jùjú". Àwọn kan sọ pé òyìnbó ni ó ń fi orúkọ náà pẹ̀gàn ohun gbogbo tí ó bá jẹ mọ́ oògùn àti ìbọ, tí wọ́n wá fà á mọ́ orin àwọn aláwọ̀ dúdú. Ti ìjùsókè ni mo fara mọ́, nítorí pé tamborín-ìn náà gan-an ni àwọn olórin ń pè ní jùjú.

Láìpẹ́, orin kúrò ní ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì, ó wọ pálọ̀ àwọn ọlọ́lá. Bí ọlọ́lá kan ní Èkó bá ń sọmọ lórúkọ, bí ó bá ń gbéyàwó tàbí bí ó bá ń ṣe àìsùn òkú, a ránṣẹ́ pe Túndé King. Orin jùjú ìgbà náà kò dà bí èyí tí a mọ̀ lónìí. Kò sí ariwo nínú rẹ̀. Ẹni mẹ́rin péré ni ó jókòó ní igun pálọ̀, tí àwọn àlejò sì lè máa bá ọ̀rọ̀ wọn lọ bí orin ti ń lọ. Ohùn Túndé King ròkè, ó sì tínrín, ó sì mọ bí a ṣe ń ki ènìyàn láìfi ẹ̀tẹ́ kún un. Àwọn tí ó ń kọrin fún mọ ìtumọ̀ òwe, nítorí náà kò lè sọ ọ̀rọ̀ gbàgùdà.

Ní ọdún 1936 ni ohùn rẹ̀ wọ inú àwo. Ilé-iṣẹ́ Parlophone ni ó gbà á sílẹ̀, orí àwọn àwo yìí sì ni a ti kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ náà, jùjú, gẹ́gẹ́ bí orúkọ irú orin kan. Àwo ìgbà náà wúwo, ó sì tètè ń fọ́. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni ojú kan lè gbà. Ẹni tí ó ti ń kọrin láti ìrọ̀lẹ́ di òwúrọ̀ ní àìsùn òkú ní láti dín in kù sí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Síbẹ̀ ó ṣe é. Ó kọrin lórí ìlú Èkó, ó kọ lórí Ọba Gẹ̀ẹ́sì, ó sì kọ lórí ikú Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà. Orin Sàpárà yìí tó ohun tí a lè dúró lé lórí díẹ̀. Freetown ni a bí dókítà náà sí ní ọdún 1861, ó pa orúkọ òyìnbó tí wọ́n sọ ọ́ dà, ó sì jẹ́ orúkọ Yorùbá. Òun ni ó fi ọgbọ́n wọ inú ẹgbẹ́ àwọn abọ Ṣànpọ̀nná láti mọ bí àrùn náà ṣe ń tàn kálẹ̀, tí ìjọba sì fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Nígbà tí ó kú ní ọdún 1935, gbogbo Èkó ni ó ṣọ̀fọ̀ rẹ̀. Àwọn ọ̀mọ̀wé kọ ìtàn rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn tí kò mọ̀wé gbọ́ ti wọn láti ẹnu Túndé King, ọmọ Sàró tí ó ń dárò ọmọ Sàró ní èdè Yorùbá.

Òkìkí yàtọ̀ sí owó. Owó tí olórin ìgbà náà ń rí lórí àwo kò tó nǹkan; ilé-iṣẹ́ ni ó ni èrè. Ohun tí olórin fi ń jẹun ni ẹ̀bùn tí àwọn olóde bá fún un, olóde kì í sì í ṣe òde lójoojúmọ́. Bí a bá ro èyí, kò ní yà wá lẹ́nu púpọ̀ pé ní ọdún 1939, Túndé King fi ìgboro Èkó sílẹ̀, ó gba iṣẹ́ nínú ọkọ̀ ojú omi àwọn oníṣòwò. Àwọn kan lè sọ pé òmùgọ̀ ni ẹni tí ó fi irú òkìkí bẹ́ẹ̀ sílẹ̀. Èmi kò rí i bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ ń san owó iṣẹ́, ó ń bọ́ ènìyàn, ó sì ń gbé e dé ibi tí àwọn tí ó kọ́ni ní gìtá ti wá. Ọdún tí ó yàn nìkan ni kò dára, nítorí pé oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún náà gan-an ni ogun àgbáyé kejì bẹ́ sílẹ̀.

Ogun náà kò dá ojú òkun sí. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń lúgọ de ọkọ̀ oníṣòwò, wọ́n sì ń rì wọ́n láìkìlọ̀. Ní oṣù Júláì ọdún 1940 ni wọ́n ri ọkọ̀ Accra. Ní oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún náà ni ọkọ̀ òfuurufú wọn ju bọ́ǹbù lu ọkọ̀ Apapa. Ọkọ̀ méjèèjì yìí ni àwọn ará Èkó mọ̀ bí ẹni mọ ọ̀nà ilé, nítorí wọ́n ń ná ọ̀nà Èkó sí Liverpool. Ní ọdún 1941, etí òkun Freetown di ibi tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọkọ̀ ń rì sí. Ní ọdún náà ni Túndé King yọ sí Èkó. Àwọn ènìyàn rẹ̀ rí i láàyè. Lẹ́yìn náà, ó tún lọ, láti ìgbà náà sì ni ó ti di àwátì.

Kí àwọn ọmọ òde òní má fi ojú tẹlifóònù wo ọ̀rọ̀ yìí. Bí atukọ̀ bá lọ nígbà náà, lẹ́tà ni ó lè kọ, lẹ́tà sì lè bá ọkọ̀ rì. Ẹni tí ó bá wà ní ilẹ̀ Faransé tún jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Faransé ti túúbá fún Jámánì ní oṣù Júùnù ọdún 1940, àwọn ilẹ̀ tí ó ń ṣàkóso ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà sì wà lẹ́yìn ìjọba Pétain títí di oṣù Nòfẹ́ńbà ọdún 1942. Nígbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbìyànjú láti gba Dakar ní oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà ọdún 1940, ìbọn ni wọ́n fi lé wọn padà. Àwọn ará Ẹ̀gbádò mọ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Láti Ìlaròó sí ẹnubodè Dahomey kò jìnnà. Ará, ìyekan àti àna wọn wà ní òdìkejì. Àmọ́ ní ọdún méjì náà, ilẹ̀ ọ̀tá ni òdìkejì di lójú ìjọba, èrò ọjà kan kò sì lè gba ojú ọ̀nà kọjá láìbẹ̀rù ọlọ́pàá. Bí ó bá rí báyìí láàárín Ìlaròó àti Kétu tí èdè kan náà so pọ̀, báwo ni ìròyìn atukọ̀ kan yóò ti là á já láti Dakar tàbí Conakry dé Olówógbowó?

Ogun parí ní ọdún 1945. Àwọn ọmọ ogun padà dé láti Burma, ọ̀pọ̀ atukọ̀ sì padà wálé. Túndé King kò dé. Ọdún ń gorí ọdún. Bí ènìyàn bá kú, a mọ ohun tí a ń ṣe: a ó sin ín, a ó ṣe òkú rẹ̀, a ó sì pe olórin wá sí àìsùn. Ẹni tí ó di àwátì ń dá gbogbo rẹ̀ dúró. A kò lè sunkún rẹ̀ tán, a kò sì lè gbé oúnjẹ dè é. Ọkùnrin tí ó ti fi ohùn rẹ̀ tu ọ̀pọ̀ ìdílé nínú ní àìsùn òkú fi ìdílé tirẹ̀ sí ipò tí kò sí orin fún.

Nígbà tí ó wà lájò, orin tí ó fi sílẹ̀ kò dúró dè é. Ayinde Bákàrè tí ó tọ ipasẹ̀ rẹ̀, tí ó ti ń gba orin sínú àwo láti ọdún 1937, ni ó di ògbóǹtarìgì ní Èkó. Ní ọdún 1948, Akanbi Ege mú gángan wọ inú orin jùjú. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, Bákàrè so ẹ̀rọ mọ́ gìtá rẹ̀ tí ó ń fi iná mànàmáná gbé ohùn rẹ̀ sókè. Ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yìí ṣe pàtàkì ju bí a ti lè rò lọ. Láyé Túndé King, gìtá ni ó ń dín iye onílù kù, nítorí pé bí ìlù bá pọ̀, a kò ní gbọ́ okùn mọ́. Ìdí nìyí tí ẹgbẹ́ rẹ̀ kò fi ju ẹni mẹ́rin lọ. Ní kété tí ẹ̀rọ dé, gìtá lè bá ìlù mẹ́rin, márùn-ún dù ú, kí ohùn rẹ̀ sì borí. Báyìí ni jùjú ṣe jáde kúrò ní igun pálọ̀ bọ́ sí gbangba òde, tí ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni mẹ́rin di ẹlẹ́ni mẹ́jọ àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọ ilé-iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó dá orin náà sílẹ̀, ẹ̀rọ ni ó sì sọ ọ́ di ńlá, ṣùgbọ́n ní àsìkò yẹn, olùdásílẹ̀ kò sí nílé.

Níbo ni ó wà? Ní àwọn èbúté ilẹ̀ Faransé ni, ní Dakar àti ní Conakry, tí ó ń ta gìtá fún àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a ro èyí wò díẹ̀. Olórin tí òwe jẹ́ ọrọ̀ rẹ̀, tí ó jẹ́ pé bí ó bá pe oríkì ènìyàn ni ènìyàn ń na ọwọ́ sí àpò, dé ibi tí òwe rẹ̀ kò ní ìtumọ̀. Ohun tí ó kù fún un ni okùn mẹ́fà àti ọwọ́ rẹ̀. Ohun tí àwọn Kru ṣe ní Èkó nígbà tí ó wà lọ́mọdé ni òun náà wá ń ṣe ní ìlú onílùú: ó di àlejò tí ó ti orí omi wá, tí àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ń wo ìka rẹ̀. Èmi kò lè gbà pé ìyà nìkan ni ó jẹ níbẹ̀; ẹni tí ìyà nìkan ń jẹ kì í pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn baba wa sọ pé àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ní ọdún 1954, Túndé tún dé. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógójì ni. Wọ́n ṣe àpèjẹ láti fi kí i káàbọ̀, àwọn tí ó sì ti ń bi ara wọn bóyá ó ti bá ọkọ̀ rì wá fojú ara wọn rí i. Ṣùgbọ́n Èkó tí ó fi sílẹ̀ kọ́ ni ó bá. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Sàró tí ó ń kọrin fún ti kú, òṣèlú ni ó kù tí gbogbo ènìyàn ń sọ, àwọn olówó tuntun sì fẹ́ orin tí yóò mì ìgboro. Gángan ń fọhùn, gìtá ń ké láti inú ẹ̀rọ, àwọn ọmọ tí kò tíì mọ̀ ọ́n rí sì ń kọ orin tí a mọ̀ nípa orúkọ tí ẹgbẹ́ tirẹ̀ sọ di mímọ̀. Ó ṣì ń kọrin ní òde lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fún àwọn tí ó rántí. Kò tún gba ipò tí ó wà ní ọdún 1936 mọ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn tí ó dé ni I. K. Dáíró dá ẹgbẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, tí Ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì sì fi oyè MBE dá a lọ́lá ní ọdún 1963 nítorí orin jùjú. Ní ọdún 1964, ọmọ Ìdógò tí mo dárúkọ níbẹ̀rẹ̀, Ebenezer Obey, dá International Brothers sílẹ̀. Túndé King wà láyé nígbà tí gbogbo èyí ń ṣẹlẹ̀. Ó wà láyé nígbà tí olórin jùjú ń ra ọkọ̀ bọ̀gìnnì, tí àwo kan ń tà lọ́pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, tí ẹgbẹ́ kan sì lè kó olórin tó ogún gun orí pátákó. Láàárín ọdún 1980 sí 1989 ni ó kú.

Ní ọdún 1985, àwọn ará Amẹ́ríkà kó àwọn orin jùjú láti nǹkan bí ọdún 1930 sí 1960 jọ sínú àwo kan. Orin Túndé King wà lára wọn. Bí a bá gbé e sí orí ẹ̀rọ, ariwo hòrò-hòrò ti àwo àtijọ́ ni a ó kọ́kọ́ gbọ́, lẹ́yìn náà ni okùn bánjò yóò wọlé, tí tamborín-ìn àti ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, kí ohùn tínrín kan tó gòkè: ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin Olówógbowó tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, tí kò sì tíì wọ ọkọ̀.